Kíláàsì C nítòsí South Gate FUTA: tísà wọn dáa, pọ́ọ̀stà wọn ni kò dáa

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ni tó ń kánjú lè máa lọ. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gan-an, tàbí o wà nídìí iṣẹ́ iná, sólà, ínfátà, gbogbo nǹkan tó ní bọ́ọ̀dù nínú, tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì tí wọ́n ti ní wàá kọ́ programming, kíláàsì C yìí dáa, mo tún un sọ, ó dáa (C ni èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà), ₦40,000 tí wọ́n ń gbà ò pọ̀ jù fún ohun tí tísà yẹn ń fi síni lórí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pọ́ọ̀stà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná kiri Àkúrẹ́ ló ń wọ̀ ẹ́ lójú, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kọ́ C ní oṣù méjì kó o máa gbowó dọ́là nínú yàrá ẹ, jọ̀ọ́, fowó ẹ sápò ná kó o kà á dé ìsàlẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn pọ̀ láti South Gate lọ dé North Gate FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Àkúrẹ́, ohun tí mo fẹ́ sọ sì bá púpọ̀ nínú wọn mu. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, wọ́n ń tún fóònù ṣe nísàlẹ̀, òkè ni kíláàsì wà, àtẹ̀gùn ẹ̀ tóóró débi pé téèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń gòkè gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀: iṣẹ́ sólà àti ínfátà ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Òkè-Àró. Mo mọ iná, mo mọ bá a ṣe ń fi míta yẹ FET wò, ìyẹn ohun kékeré tó ń tan iná tó ń pa á lórí bọ́ọ̀dù, kápásítọ̀ tó ti wú, mo máa fojú lásán mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí wàhálà bá ti wà lára IC dúdú tó lẹ́sẹ̀ yí ká yẹn, ọ̀gá á kàn ní "programmed IC nìyẹn, gbé e sílẹ̀, ká ra bọ́ọ̀dù tuntun." Oníbàárà á sanwó bọ́ọ̀dù, inú ẹ̀ ò ní dùn, inú tèmi náà ò ní dùn torí mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ sínú nǹkan yẹn àti ohun tí wọ́n fi kọ ọ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n kan tó ka Electrical ní FUTA, ó ní C ni o, C ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ nìyẹn. Ti iṣẹ́ dọ́là ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ wá, mi ò sì bá wọn wí, gbogbo wa la fẹ́ jẹun.

Ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ owó kíá. ₦40,000 ni wọ́n pè é, oṣù méjì, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Tó o bá ti san án tán ni wọ́n á wá máa yọ èyí tó kù jáde díẹ̀díẹ̀: fọ́ọ̀mù ₦2,000, handout ₦3,000, owó epo jẹnẹrétọ̀ ₦500 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, sátífíkéètì ₦5,000. Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó ti lé ní ₦50,000. Owó epo yẹn ò dùn mí, iná ò kúkú sí, kọ̀ǹpútà ò sì lè fi omi ṣiṣẹ́, ohun tó dùn mí ni pé wọn ò sọ ọ́ nígbà tí mò ń bèèrè. Sátífíkéètì yẹn ńkọ́? Wọ́n kọ "Diploma in Advanced Software Engineering" sí i lára, fún oṣù méjì, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ for loop, ìyẹn bá a ṣe ń ní kí kọ̀ǹpútà tún nǹkan ṣe léraléra. Mi ò san án, mo fi tèmi sílẹ̀ fún wọn.

Kọ̀ǹpútà wọn ò tó. Èèyàn méjì ló ń pín ọ̀kan, tó o bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa ń di kíbọ́ọ̀dù mú bí ẹni pé bàbá ẹ̀ ló rà á, o ti gbé. Tó o bá ní láptọ́ọ̀pù tìẹ, kódà èyí tó ti pẹ́, gbé e dání, gcc ò wúwo, Code::Blocks náà ò wúwo (àwọn nìyẹn tá a fi ń sọ C téèyàn kọ di prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́), láptọ́ọ̀pù tí kò lè ṣí géèmù kankan máa ṣe C dáadáa.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Turbo C, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan tó ti gbó, ló wà lórí ìdajì kọ̀ǹpútà yẹn. Turbo C tí sìkìríìnì ẹ̀ búlúù gbòò yẹn! Ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Borland gbé e jáde, ṣáájú kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwa tá a wà ní kíláàsì, inú DOSBox, prógíráàmù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́ tó wà ṣáájú Windows, ni wọ́n ti ń ṣí i kó tó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows òde òní. Inú handout wọn náà, void main àti conio.h àti clrscr ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tó o bá fi irú kóòdù yẹn lọ bá gcc lórí Linux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, á ní òun ò rí conio.h rí láyé òun, torí nǹkan DOS ni, kò sí nínú C gan-an. Ẹni tó bá kọ́ ọ láti inú handout yẹn nìkan, ìgbà tó bá délé tó fẹ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ tiẹ̀ ni ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Tísà ló gbà wá sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnrú ìlú tán lọ, àwa kan ń pè é ní sà, àwọn kan ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, kò bìkítà. Ó kọ́kọ́ ní ká ṣí Turbo C yẹn, ká kọ prógíráàmù kékeré kan tó máa tọ́jú owó kíláàsì wa: int owo = 40000; (int ni àpótí tí C ń fi nọ́ńbà pamọ́ sí) kí printf wá tẹ̀ ẹ́ jáde. A tẹ̀ ẹ́, ó gbé -25536 jáde. Kíláàsì hó yèè. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní "sà, ó jọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ wá lówó o." Ó jẹ́ ká rẹ́rìn-ín tán, ló bá yà á sójú bọ́ọ̀dù: int inú Turbo C, báìtì méjì ni, ìyẹn bíìtì 16, nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè gbà ni 32,767, tó o bá ki 40,000 wọ inú ẹ̀, á yí gbirigbiri lọ sẹ́yìn, ìwọ mú 65,536 kúrò nínú 40,000 kó o rí i, -25,536 náà ni. Ó wá ní ká kọ ohun kan náà sínú Code::Blocks, 40000 jáde geere, torí báìtì mẹ́rin ni int ń jẹ́ níbẹ̀. Mo ti gbọ́ báìtì báìtì láti kékeré, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo mọ̀ pé báìtì lè sọ owó èèyàn di gbèsè.

Àtìgbà yẹn la ti pa Turbo C tì, àmọ́ ó kìlọ̀ fún wa ká má fi ṣẹ̀sín jù, pé àwọn IC kéékèèké wà tí int wọn ṣì jẹ́ báìtì méjì títí di òní. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni ni pé kì í jẹ́ kéèyàn máa há nǹkan sórí. Yorùbá ló fi ń ṣàlàyé, ó kàn máa ń dá orúkọ àwọn nǹkan yẹn sí gẹ̀ẹ́sì torí bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ ẹ. Mọ́mì kan wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, wọ́n ti sún mọ́ fẹ̀yìntì, wọ́n láwọn fẹ́ mọ ohun táwọn ọmọ wọn ń ṣe. Lọ́jọ́ kan wọ́n kọ if (ojo_ori = 18), prógíráàmù ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ti tó dìbò, kódà ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní "ẹ̀yin ọmọ, kí ló ṣe nǹkan yìí tí kò lè ka nọ́ńbà?" Tísà rọra tẹ̀ síwájú, ó ní "Mọ́mì, ẹ ò bi í léèrè, ẹ pàṣẹ fún un ni. Àmì = ọ̀kan, ẹ ń fi 18 sínú ẹ̀ nìyẹn, méjì, ==, lẹ fi ń bèèrè." Wọ́n ní kó dúró ná, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mọ̀wé ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n lo ọjọ́ odidi lórí àṣìṣe yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló fi hàn wá bá a ṣe ń fi -Wall sí gcc kó máa kìlọ̀ fúnni, ó ní ẹni tó bá ń kọ C láìfi -Wall sí i, ó ń wá wàhálà ni.

Àwọn nǹkan tó ń bẹ níwájú, variable, if, for, while, function, a yára kọjá níbẹ̀, kò sí ìtàn kankan ńbẹ̀ ju semicolon tí gbogbo wa ń gbàgbé. Pointer ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń sá. Bó ṣe kọ́ ọ rèé. Ó ní ká sọ pé a wà ní Ọjà Ọba. Ṣọ́ọ̀bù wà, nọ́ńbà wà lára ṣọ́ọ̀bù, ọjà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní "tí mo bá fẹ́ kí ìwọ lọ pààrọ̀ ọjà ṣọ́ọ̀bù kan sí ti ìkejì, tí mo bá wá da ẹ̀dà ọjà yẹn lé ẹ lọ́wọ́, o máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ohun tó máa yí padà lọ́jà. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni kí n fún ẹ." Ó wá kọ function swap, ìyẹn kóòdù tá a sọ lórúkọ ká lè máa pè é, tó gba int méjì láti pààrọ̀ wọn, a ṣe é, nọ́ńbà ò yí padà. Ó tún un kọ kó gba int *a àti int *b, ìyẹn pointer, tó ń di nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mú, a fi &x àti &y, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù x àti ti y, pè é, wọ́n sì yí padà. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tí scanf fi ń fẹ́ & níwájú nǹkan, torí scanf náà gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù tó máa gbé ohun téèyàn tẹ̀ sí. Gbogbo fídíò tí mo ti wò tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń ní "ẹ ṣá máa fi sí i, ẹ máa mọ̀ ọ́n tó bá yá." Ó sì fi kún un pé tó o bá lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà tí kì í ṣe tìẹ, segmentation fault, wọ́n á lé ẹ jáde. Nígbà míì sì rèé, wọn ò ní lé ẹ, o máa ba ọjà ẹlòmíì jẹ́ láìmọ̀, ìyẹn ló burú jù, torí C kì í ṣọ́ ẹ, tí array ẹ, ìyẹn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò tẹ̀ lé ara wọn, bá jẹ́ márùn-ún tó o ní o fẹ́ fọwọ́ kan ìkẹwàá, á jẹ́ kó o lọ.

Àlàyé yẹn nìkan, mo lè san ₦40,000 fún un.

Ibi tí kíláàsì yẹn ti kù díẹ̀ káàtó ni ìparí. Malloc àti free, ìyẹn bá a ṣe ń gba àyè nínú memory àti bá a ṣe ń dá a padà, ọjọ́ kan péré la fi ṣe é, ó sì yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Git, ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá kóòdù, wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan báyìí tí wọn ò ti ní bèèrè ẹ̀. Project tí wọ́n ní ká ṣe ni calculator àti àkọsílẹ̀ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn kan kàn dà á kọ ni. Mo gbọ́ pé tísà fẹ́ ká lo bọ́ọ̀dù gidi, àwọn tó ni ibẹ̀ ní owó ò sí. Owó sátífíkéètì ló wà.

Handout tún sọ pé C ni ìyá gbogbo èdè kọ̀ǹpútà, pé òun ló kọ́kọ́ dé. Irọ́ ni o. Fortran ti wà láti 1957, COBOL láti 1959. Dennis Ritchie ló ṣe C ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1972, ara èdè kan tó ń jẹ́ B tí Ken Thompson ṣe ló sì ti mú un jáde. Ohun tó gbé C ga ni pé ní 1973 wọ́n fi tún Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè gbé Unix láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn láìsí pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn yẹn gan-an dùn ju irọ́ tí wọ́n kọ lọ, mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí òun ni pọ́ọ̀stà ń tà. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ohun tí pọ́ọ̀stà sọ pé C wà níbi gbogbo, òótọ́ ni. Inú Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, C ló kún ibẹ̀, Linux yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ Android tó wà lọ́wọ́ ẹ báyìí. Python tí gbogbo èèyàn ń pariwo, èyí tí wọ́n ń lò jù nínú ẹ̀, C ni wọ́n fi kọ ọ́. SQLite tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn áàpù, C. Git, C. Àmọ́ pé nǹkan wà níbi gbogbo ò sọ pé wọ́n ń wá ẹni tuntun tó máa kọ ọ́. Ìwọ ṣí ibi tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà kó o kà á lọ, JavaScript, Python, PHP, Flutter, SQL lo máa rí, o máa yí i lọ sísàlẹ̀ títí kó o tó kan C, tó o bá sì kàn án, C++ tàbí C# ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ohun tó o kọ́.

Iṣẹ́ C gidi wà ṣá, owó sì wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń kọ ohun tó wà nínú míta iná, nínú ọkọ̀, nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, nínú router, àwọn tó ń kọ driver tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa lo ẹ̀rọ tá a so mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n máa bi ẹ́ kọjá for loop: ṣé o lè ka datasheet, ìwé àlàyé IC, ṣé o mọ UART, I2C, SPI, àwọn ọ̀nà tí IC fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣé o ti lo RTOS rí, ètò kékeré tó ń pín àkókò fún iṣẹ́ orí IC, tí bọ́ọ̀dù bá kú báwo lo ṣe máa mọ̀ bóyá kóòdù ló pa á àbí iná. Ohun kan sì wà tí àwọn onípọ́ọ̀stà kì í sọ: ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kọ ọ́ fún wà lórí tábìlì níbi iṣẹ́, ní Jámánì tàbí níbòmíì, ẹni tó wà ní Ọ̀bà-Ilé báwo ló ṣe máa fọwọ́ kàn án? Onípágì íntánẹ́ẹ̀tì lè jókòó sílé ṣe tiẹ̀, oníbọ́ọ̀dù ò rí bẹ́ẹ̀, àfi tó o bá ní bọ́ọ̀dù tìẹ, o sì ti ní ìrírí. Nítorí náà dọ́là nínú yàrá lẹ́yìn oṣù méjì, mi ò rí ibi tó gbà.

Wọn ò sì sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ayé ti ń bá C jà díẹ̀. Ní February 2024 White House, ọ́fíìsì ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde tó ní káwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà máa kúrò lórí àwọn èdè tí kì í ṣọ́ memory, wọ́n sì mẹ́nu kan C àti C++. Rust, èdè kan tó ń ṣọ́ memory, ti wọ inú Linux láti version 6.1, December 2022. Èyí ò sọ pé C fẹ́ kú, kóòdù tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ohun tẹ́nì kan lè tún kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé òun ń múra iṣẹ́ ọjọ́ iwájú fún un, ó yẹ kó sọ ọ́ dé ibẹ̀. Mo bi tísà nípa ẹ̀ nígbà tá a ń jáde, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ní "bọ̀dá, tí mo bá sọ gbogbo ìyẹn ní kíláàsì, wọ́n á ní mò ń lé oníbàárà." Mo gbọ́ ọ yé.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ọ̀fẹ́ kún íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kún o. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà tí David Malan ń kọ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa ju èyí tí mo san owó ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ ká fi ohun tí wọ́n ń kọ́ wéra. Wọ́n á kọ́kọ́ fi Scratch, èyí tí wọ́n kàn ń to búlọ́ọ̀kù pọ̀ láìkọ kóòdù, mú ẹ mọ́ra, láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkarùn-ún ló ń jẹ́ C, kí wọ́n tó bọ́ sí Python, SQL àti JavaScript. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fúnni kì í ṣe calculator: ọ̀kan wà tí wọ́n á ní kó o fi C wá fọ́tò tí wọ́n ti parẹ́ lórí memory card padà, o máa lóògùn. Orí bráúsà lo ti máa kọ kóòdù ẹ, sátífíkéètì tiwọn náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó o bá fẹ́ kí edX, ibi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí ló ń gbowó. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà rárá, fi áàpù Termux sórí Android, tẹ pkg install clang (clang ń ṣe irú iṣẹ́ tí gcc ń ṣe), o ti lè bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá dé tí mi ò ní kẹ́ ẹ fi kíláàsì sílẹ̀ pátápátá? Dátà, àkọ́kọ́, fídíò yẹn gùn, ó sì ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára, Mọ́mì Alágbàká ò lè tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣe pàtàkì jù sì ni pé tó o bá há sórí pointer láago mọ́kànlá òru, fídíò ò ní bi ẹ́ pé ibo ló ti dà rú mọ́ ẹ lójú. Mo mọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ CS50 tí wọn ò kọjá ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tí mo ṣe ní tèmi ni pé mò ń lọ kíláàsì, mo sì ń ṣe iṣẹ́ CS50 nílé, ibi tó bá ti le, mo gbé e wá bá tísà, kò ṣe ìlara, ó dẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ju calculator wọn lọ.

Ta ni kó lọ, ta ni kó jókòó? Ọmọ iṣẹ́ iná, ẹni tó ń ka Electrical tàbí Computer Science, ẹni tó fẹ́ ṣe cybersecurity tó sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi memory jani lólè, lọ. Ẹni tó ní ìdílé lọ́rùn, tó nílò owó láàárín oṣù mẹ́fà, má fi C bẹ̀rẹ̀, lọ kọ́ JavaScript tàbí Excel àti SQL, iṣẹ́ wọn sún mọ́ ìta jù. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Ìlú Oǹdó bi mí, ohun tí mo sọ fún un nìyẹn, ó bínú díẹ̀ torí ó ti rí pọ́ọ̀stà.

Èmi gan-an ńkọ́, kí ló yọrí sí? Mi ò tíì gba dọ́là kankan. Ohun tí mo rí ṣe ni ohun kékeré kan tó ń wo bátìrì àwọn oníbàárà wa. Arduino Uno ni, bọ́ọ̀dù kékeré téèyàn lè kọ kóòdù sí, IC orí ẹ̀ ń jẹ́ ATmega328P, gbogbo àyè tó ní fún prógíráàmù ò ju 32KB, RAM ẹ̀ 2KB péré. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè gbà ju volt márùn-ún lọ, bátìrì 12V tó bá ń gba iná sì lè dé 14.4V, ni mo bá fi resistor 30k àti 10k pín in sí mẹ́rin kó tó wọlé. Ohun tó ń kà láti 0 dé 1023 ni, o ní láti ṣe ìṣirò kó tó di volt. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tísà ti wúlò o, torí int orí Uno, báìtì méjì ni, bí ti Turbo C gẹ́lẹ́! Tí bátìrì bá wà ní nǹkan bí 12.6V, ohun tó máa kà á tó 644, tó o bá sọ 644 yẹn di ìlọ́po 5000 (volt márùn-ún ní millivolt) nínú int, kì í ṣe 3,220,000 ló máa fún ẹ, 8,736 ni, bátìrì tó kún á wá dà bí èyí tó ti kú. Ṣe ni mo fi long, àpótí tó tóbi ju int lọ, kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó, ó fi míta tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n ṣe mẹ́rin sí i, òun máa fi kún owó iṣẹ́ táà ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Programmed IC ti ínfátà yẹn ṣì ga jù mí lọ ṣá, torí wọ́n ti tì í pa, kò ṣeé kà jáde bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi lórí pọ́ọ̀stà náà.

Tó o bá máa lọ, bèèrè kó o tó sanwó: compiler wo ni wọ́n ń lò, Turbo C ni àbí gcc, èèyàn mélòó lórí kọ̀ǹpútà kan, èló ni owó epo àti handout, jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé. San ìdajì, wọ́n máa gbà á, wọ́n á kàn kọ́kọ́ ṣe fújà ni. Sọ fún wọn pé o ò fẹ́ sátífíkéètì. Kó o sì bèèrè kíláàsì ìrọ̀lẹ́, torí ìrọ̀lẹ́ nìkan ni tísà tí mo ń yìn yìí ń wá, ẹni tó ń gba ti àárọ̀, handout yẹn ló ń kà fún wọn látòkè délẹ̀.